Ọ̀rá Alágbàdo Tí Wissa Ń Tà

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé yìí, má tíì fi nu ọwọ́. Kọ́kọ́ gbọ́ ti Wissa ná.

Lórí òkè Mokattam ní Káírò, níbi tí wọ́n ti ń ṣa pàǹtírí gbogbo ìlú, Wissa ń ta ọ̀rá. Ọ̀rá láílọ́ọ̀nù lásán ni o! Àmọ́ ó ya àgbàdo sí i lára.

"Ògì àgbàdo la fi ṣe é," ló máa ń wí. "Tẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, á jẹrà. Ẹran gan-an lè jẹ ẹ́."

Ojúlówó díẹ̀, tí wọ́n fi àgbàdo ṣe lóòótọ́, wà lápò rẹ̀ tó fi ń tan èèyàn. Á gé e sínú tíì gbígbóná, á yọ́, á mu ún, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Olè!

Ewúrẹ́ Ìyá Marina gbà á gbọ́. Ó jẹ ọ̀rá, ó wú, ó kú. Wàrà ewúrẹ́ ọ̀hún sì ni ọmọ-ọmọ ìyá náà ń mu.

Ìyá Marina gbé ọ̀rá tó bá nínú ẹran wá sí ìsọ̀. Àgbàdo ara rẹ̀ ṣì ń dán.

"Wissa! Ọjà rẹ rè é. Ó jẹrà àbí kò jẹrà?"

"Ẹ̀yin màmá yìí náà! Ewúrẹ́ yín ni ò mọ oúnjẹ jẹ."

"Ìwọ tó mọ̀ ọ́n jẹ ńkọ́? Jẹ ẹ́!"

Èrò ti pé. Wissa fọwọ́ bàpò: ojúlówó ti tán. Ìgbéraga ò jẹ́ kó sọ. Ó gé ti orí àtẹ sínú tíì, ó rò ó, rò ó. Kò yọ́.

"Fi ṣúgà sí i!" ẹnì kan pariwo.

Ojú tì í, ó gbé e mì.

Ọ̀rá há. Ojú Wissa yọ síta, ó ṣubú lulẹ̀ sórí ọjà ara rẹ̀. Ta ló fọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun? Ìyá Marina náà ni! Ó fi ọwọ́ kan gbá a lẹ́yìn, ó fi ìkejì fa ọ̀rá jáde.

"Ewúrẹ́ mi ò rẹ́ni fà á fún," ló wí tìbínú-tìbínú. "Kì í ṣe pé o wù mí o. Jésù ló ní n má jẹ́ kó o kú sínú irọ́. Tó o bá kú báyìí, kí lo fẹ́ tà fún Ọlọ́run?"

Wissa bú sẹ́kún. "Jésù, olè ni mí. Fa irọ́ náà jáde lọ́fun mi."

Níbẹ̀ náà ló ti fi ẹnu tó fi ń purọ́ kéde fún gbogbo èrò pé ọ̀rá òun kì í jẹrà. Ó fa ewúrẹ́ tirẹ̀ lé Ìyá Marina lọ́wọ́.

Ìwọ ńkọ́? Irọ́ tó o rì mọ́lẹ̀, àgbèrè tó o ya àgbàdo sí lára, ṣé o rò pé ó ti jẹrà ni? Ẹ̀ṣẹ̀ kì í jẹrà! Wọ́n á hú u lọ́jọ́ ìdájọ́, á ṣì máa dán. Ọ̀fun rẹ ṣì là lónìí. Pe Jésù níbi tó o dúró sí yẹn, kí ẹ̀ṣẹ̀ náà tó há ọ lọ́fun.