Ajá Méjì Nínú Rélùwéè Ljubljana

Orí ajá ni Ottilie kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó gbé e. Ó yọ láti inú àpò búlúù kan, etí kan nà ṣánṣán, èkejì rọ sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Rélùwéè ti ń kúrò ní ìlú Graz, Ottilie ṣì ń mí hẹlẹ, àpótí fìlà lọ́wọ́, Knödel, ajá tirẹ̀, lábíyá.

"Ẹ jókòó síbí," ọkùnrin náà wí. "Miška kì í gé èèyàn jẹ. Búrẹ́dì nìkan ló mọ̀."

Ottilie rẹ́rìn-ín, àmọ́ obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ti dé.

"Màdáámù, ajá tí ò sí nínú àpò, ẹ gbọ́dọ̀ di ẹnu ẹ̀."

Ohun tí wọ́n fi ń di ẹnu Knödel wà lórí tábìlì nílé. Bí wọ́n bá já Ottilie sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, fìlà tó fi oṣù mẹ́ta rán ò ní dé ọjà Ljubljana lónìí.

Ọkùnrin náà ṣí àpò tirẹ̀. Ó fa Miška jáde, ó fi awọ kékeré kan di ẹnu rẹ̀, ó sì na àpò sí Ottilie. Knödel sanra! Wọ́n tì í sínú àpò, wọ́n bẹ̀ ẹ́, títí obìnrin náà fi bo ẹnu rẹ́rìn-ín kọjá lọ.

Tilen lorúkọ ọkùnrin náà. Àkọ́díọ̀nù, ohun èlò orin, ló ń tún ṣe ní Ljubljana. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń gbé Miška wá sí Graz, fún odidi ọdún kan.

Nígbà tí Ottilie ní òun fẹ́ bá Tilen lọ sí Ljubljana, Gottfried, bàbá rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló ní.

"Kó o bá a lọ ìlú òkèèrè? Ọkùnrin tó ń gbé ajá kiri bí ọmọ ọwọ́!"

"Ẹ̀yin náà ń gbé Knödel sùn, Bàbá."

"Ìyẹn yàtọ̀."

Ottilie ò lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Lórí afárá odò Mur, ó sọ fún Tilen pẹ̀lú omijé: "Má wá mọ́, olólùfẹ́ mi. Mi ò fẹ́ máa dà ọ́ láàmú lásán."

Sátidé méjì kọjá, Tilen ò wá. Gottfried ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sunkún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní Sátidé kẹta, ó gbé Knödel sínú àpò.

"Wọ kóòtù ẹ. Níbo ni wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ajá?"

Wọ́n wọ rélùwéè, wọ́n tún wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Tilen, ẹrù ló ń dì.

"Níbo lò ń lọ?" Gottfried bi í.

"Graz ni, sà. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé yín. Bí Ottilie ò bá lè fi yín sílẹ̀, èmi lè fi ibí sílẹ̀."

Bàbá náà jókòó lé àpótí kan. Ó gbé Knödel jáde nínú àpò.

"Gba ajá yìí lọ́wọ́ mi," ó ní. "Kí o sì bi ọmọ mi ní ohun tó yẹ kí o bi í."

Tilen kúnlẹ̀, ajá méjèèjì ń lá a létí.

"Dìde jàre," ni Ottilie wí, ẹ̀rín àti omijé papọ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà."

Oṣù Kẹfà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Gottfried ló mú ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sunkún débi pé àlùfáà ní láti dúró dè é.