Àròkọ Tí Hameedat Fi Ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà

Hameedat fa tábìlì sún mọ́ fèrèsé ní ilé wọn ní àdúgbò Ìsinkàn, ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n fi dá orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀, ààbò ìlú àti òmìnira ọrọ̀ ajé. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: kí nìdí tí àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀ kò fi jẹ́ kí gbogbo agbára wà lọ́wọ́ ẹnì kan?

Hameedat mọ ìdáhùn rẹ̀. Ní Bọ́lọ́rundúró, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dáko, ẹni tó ń ra kòkó ló ń gbé àpò kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ọmọ àgbẹ̀ ló ń ka ojú òṣùwọ̀n sókè ketekete. Ẹlòmíì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ṣe màgòmágó, ojú àwọn méjì yòókù wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, ojú ewé méjì gbáko.

Peculiar, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kòkó kẹ̀? Òyìnbó ní kó o sọ̀rọ̀ ìjọba, o gbé àpò kòkó lọ bá wọn! Ará oko!"

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa fún àwọn ará Bọ́lọ́rundúró. Dìde, jẹ́ ká lọ bá Bọ̀dá Gbémiga ní Arákalẹ̀. Òun ló ń bá àwọn èèyàn kọ ọ́."

Ojú ti Hameedat. Ó ya ìwé náà. Ní ṣọ́ọ̀bù Gbémiga, kọ̀ǹpútà gbé àròkọ mìíràn jáde kí Hameedat tó jókòó dáadáa. Kò mọ ìtumọ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, síbẹ̀ ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, obìnrin kan láti yunifásítì náà pè é lórí fídíò. Bàbá rẹ̀ ti oko wá nítorí rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ.

"Ìlà kẹta àròkọ rẹ wù mí," ni obìnrin náà wí. "Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé rẹ̀."

Hameedat tún ìlà náà kà jáde bó ṣe wà.

"Ó dáa. Mú àpẹẹrẹ kan wá láti ìlú rẹ."

Àpẹẹrẹ ń bẹ lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, kò ní bá ohun tó fi ránṣẹ́ mu. Ó tẹjú mọ́lẹ̀ títí obìnrin náà fi dágbére.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́tà dé sórí fóònù rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni bàbá rẹ̀, tí kò tíì padà sí oko, bi í.

"Wọn ò gbà mí, Bàbá. Wọ́n ní àwọn mẹ́rin mìíràn fi àròkọ kan náà ránṣẹ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ kọ̀wé sí àwọn mọ́ láéláé."

"Ṣé o ò mọ ìdáhùn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ẹlòmíì ni mo fi orúkọ mi sí."

Ì bá sàn kí bàbá rẹ̀ nà án. Ńṣe ló kàn sọ pé: "Ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn, Hameedat. Bí kò fún un lápá, á sọ ọ́ lọ́rùn." Ó dìde, ó lọ wọ ọkọ̀ padà sí oko.

Hameedat tún lẹ́tà náà kà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Ẹni tó bá tijú ohun tó mọ̀, tó lọ fi ti ẹlòmíì ṣe tirẹ̀, ohun tí yóò jèrè nìyẹn.