Ìgò Ilé Àna

Níbi ìnáwó òkú kan n'Íléṣà ni Àdúràolúwa ti kọ́kọ́ rí Ọlájùmọ̀kẹ́. Bíà kún orí gbogbo tábìlì. Omi ló wà níwájú tirẹ̀.

"Ọmọ pásítọ̀ ni yín, àbí?"

"Rárá o. Mo ti mu tèmi tán ni. Mo tilẹ̀ mu díẹ̀ nínú tiyín."

Àdúrà rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára kó tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Tíṣà ni Jùmọ̀kẹ́ l'Óṣogbo. Inú fíláàsì tíì ló máa ń rọ jíìnì sí lọ sí kíláàsì, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Ó gba ìtọ́jú ní ọsibítù, ó sì jáwọ́ nínú ọtí.

"Ẹnu kan péré ti tó láti dá mi padà síbẹ̀," ló sọ fún un.

"Ayọ̀ mi, kò ní kan ẹnu rẹ mọ́ láéláé."

Àdúrà sọ fún ìyá rẹ̀, Màmá Julianah, oníléèsì, tí kì í jẹ́ kí eruku bà lé orúkọ ìdílé wọn, Fámódùn.

"Obìnrin? Ọtí? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ o!"

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ń bọ̀. Ilé ọkọ ni yóò gbé jíìnì wá. Wọ́n á fi wúre, tọkọtìyàwó á sì tọ́ ọ wò. Àdúrà da jíìnì nù, ó rọ omi sínú ìgò. "Fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá rí i pé wọ́n ti já ìdérí ìgò. "Àwa Fámódùn? Ká gbé ìgò ṣíṣí lọ sílé àna? Kí wọ́n ní a mu ún lọ́nà?" Ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ojúlówó ti ìlú òyìnbó.

L'Ókè-Baálẹ̀, nílé àwọn ìyàwó, ẹ̀gbọ́n bàbá Jùmọ̀kẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún, wúre títí. Àdúrà ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọ̀fun rẹ̀ jó. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó.

"Àmín!" ló wí, ó sì na ife sí Jùmọ̀kẹ́.

Òórùn jíìnì ti ṣáájú ife dé imú Jùmọ̀kẹ́. Ó gbójú sókè wo Àdúrà. Àdúrà ń tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Gbà á, ìyàwó wa," ni Màmá wí. "Àbí o ò fẹ́ ire ni?"

Kò tọ́ ọ wò. Ó mu ún tán. Ilé hó yèè.

"Ọmọ tó gbọ́ràn!" ni Màmá ń sọ kiri.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Fọ́tò rẹ̀ dára. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Màmá títí dòní.

Ní ọjọ́ kan, Àdúrà ti ibi iṣẹ́ dé sílé wọn l'Ọ́fàtẹ̀dó, ó bá fíláàsì lórí tábìlì. Ó kúnlẹ̀ níwájú aya rẹ̀.

"Jùmọ̀kẹ́ mi, dárí jì mí. Jẹ́ ká padà sí ọsibítù."

"Àwọn èèyàn á rí wa."

Jùmọ̀kẹ́ ṣí fíláàsì, ó fa ife kan mọ́ra.

"Ṣé kí n bu tíì fún ọ, ìfẹ́ mi?"

Àdúrà gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tutù.