Àwàdà Tí Wọ́n Ní Kí Ọmọ Má Sọ

Ẹja dagaa wẹ́wẹ́ là ń sá sórí iyanrìn létí adágún, lẹ́bàá ilé wa, èmi àti Nyanzobe aládùúgbò mi, nígbà tí Shomari ọlọ́kadà dé.

"Ìyá ìyàwó, ẹ káàárọ̀ o! Ìyàwó mi dà? Ilé ìwé ti yá."

A bú sẹ́rìn-ín. Mtani wa ni Shomari: láti ayé àwọn baba ńlá wa ni ẹ̀yà tirẹ̀ àti àwa Sukuma ti ń bára wa ṣàwàdà. Ó lè pè mí ní olè, ó lè pe ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní ìyàwó. Ẹni tó bá bínú sí mtani, òun ni kò lẹ́kọ̀ọ́.

Àmọ́ Limi, ọmọ Nyanzobe, ti sá wọlé. "Mi ò lọ!"

"Kí ló dé?" ìyá rẹ̀ ní. "Ẹni tó ń gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí, Mama."

"Ẹ̀rù mtani? Ìwọ ọmọ yìí!"

Shomari rẹ́rìn-ín, ó lọ. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

"Ìyá Jilala," Nyanzobe ní, "ṣé kí n bínú ni àbí kí n má bínú? Tí mo bá bínú, wọ́n á ní mo ba àṣà jẹ́. Tí mi ò bá bínú... Orí mi ti dàrú o."

"Tèmi gan-an dàrú."

A mú Limi, ó di ọ̀dọ̀ Bibi Kashinje, ìyá ọkọ Nyanzobe. A bá Àǹtí Tumaini níbẹ̀, obìnrin tó wá láti yunifásítì, tó ń gbé láàárín wa láti mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọbìnrin là ń bá wí bí àgbàlagbà bá ń dà á láàmú. A rò pé yóò dá wa lóhùn kíá. Ìbéèrè ló tún ń bi ìyá àgbà.

"Bibi, láyé yín, níbo ni mtani ti ń ṣàwàdà?"

"Lójú gbogbo ayé ni! Níbi òkú, níbi ìgbéyàwó."

"Ṣé ọmọdé lè dá a padà fún un?"

"Háà! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo pe mtani tèmi ní ewúrẹ́ arúgbó lójú ìyàwó ẹ̀. Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù."

"Ṣé ó máa ń ní kí ọmọ má sọ fún ìyá rẹ̀?"

Bibi yíjú sí ọmọ náà. "Limi, kí ló ní kó o má sọ?"

Limi bú sẹ́kún. Shomari ti fún un ní fóònù kékeré, ó ní kó fi pamọ́, kó sì wá sí yàrá òun lọ́jọ́ Sátidé, pé ọmọbìnrin tó bá ti gun ọ̀kadà òun lọ́fẹ̀ẹ́ ti gbà nìyẹn.

"Mo ní mi ò wá. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́, ẹ̀rín lẹ máa rín."

Ẹ̀rín náà la sì rín. Ojú tì mí gidigidi.

"Àṣà wá ńkọ́, Bibi?" Nyanzobe bèèrè.

"Àṣà wo? Àwàdà mtani kì í wáyé ní kọ̀rọ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ!"

Àgọ́ ọlọ́pàá la gbà lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé. Limi mú fóònù náà jáde, a sì mú un dání.

Ẹ̀yin òbí, àwàdà tí wọ́n bá ní kí ọmọ fi pamọ́ kì í ṣe àwàdà mọ́. Ẹ̀bùn tàbí ọ̀kadà ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé ọmọ ti gbà. Ẹ̀bi àgbà tó ń tàn án ni. Ẹ má parí rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ nítorí ojú ayé àti àṣà, ẹ fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ọ̀rọ̀ náà lè rú yín lójú bó ṣe rú wa lójú. Bí ọmọ bá ṣáà ti ní ẹ̀rù ẹnì kan ń ba òun, ẹ gbà á gbọ́ ná, kí ẹ tó bi í ní ohunkóhun.