Páìpù Bàbà Inú Abà Haldor

Ọjọ́ tí Torunn, tíṣà sáyẹ́ǹsì tuntun, dé sí abúlé láti Oslo, olú-ìlú Norway, ni Sivert, tíṣà ìṣirò, bá a gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Àpótí já lé ẹsẹ̀ Sivert fúnra rẹ̀.

"Kò dùn mí rárá," ó wí, ó sì ń tiro lọ.

Torunn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Láti ìgbà náà ni ọkàn Torunn kò ti balẹ̀ mọ́. Haldor, bàbá Sivert, ti búra pé ará Oslo kankan kò ní wọ ilé òun. Ìdí rẹ̀ wà nínú abà: ibẹ̀ ló ti ń se ògógóró, òfin kò sì gbà á. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ. Haldor gbà pé ẹnu àlejò kì í dákẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, fún mi láyè díẹ̀, màá bá bàbá mi sọ̀rọ̀," Sivert bẹ̀ ẹ́.

"Àyè tí mo ti fún ọ tó so màlúù mọ́! Bí sáà yìí bá parí, mò ń padà sí Oslo."

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Aune, ọ̀gá ilé-ìwé, wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì Torunn láti wo iṣẹ́ rẹ̀. Torunn fẹ́ se omi tó pò mọ́ yíǹkì, kí ooru rẹ̀ gba inú ọ̀pá gíláàsì tútù, kó sì tún di omi mímọ́. Kó tó dáná, ọ̀pá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá.

Sivert gbọ́ ọ láti kíláàsì kejì. Ilé wọn kò jìnnà, ó sáré lọ. Ohun tó gbé dé ni páìpù bàbà tí wọ́n ká róbótó sínú korobá.

"Yéè! Ti Bàbá Haldor nìyẹn!" ọmọ kan ké.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí fèrèsé.  Torunn mọ̀ pé bí ọ̀gá bá bi wọ́n léèrè, Haldor di ti ọlọ́pàá, Sivert kò sì ní bàbá mọ́ nítorí òun.

"Mi ò bi yín léèrè ibi tó ti wá," Torunn wí fún àwọn ọmọ. "Kí nìdí tí wọ́n fi ká a?"

Torunn so páìpù mọ́ ìgò tí omi yíǹkì wà, ó dáná sí i. Ó mú omi tútù, ó ń dà á sí korobá látòkè.

"Rárá, Tíṣà!" Ọ̀gbẹ́ni Aune fò dìde. "Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kí omi tútù wọlé! Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nílé…"

Ó pa ẹnu dé. Etí rẹ̀ pọ́n. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, omi mímọ́ gaara sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ní Sátidé, Haldor ránṣẹ́ pe Torunn wá sílé rẹ̀. Sivert kò lè jókòó, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Àṣà àdúgbò náà ni láti ju owó ẹyọ sísàlẹ̀ ife, kí wọ́n da kọfí bò ó títí kò fi ní hàn mọ́, kí wọ́n wá fi ògógóró là á títí owó yóò fi tún hàn. Haldor kọ̀yìn sí wọn, ó ju nǹkan sínú ife, ó da kọfí lé e.

"Àwọn ọmọ ní o ò bi wọ́n léèrè ibi tí páìpù ti wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó da ògógóró sí i. "O ti rí i?"

"Rárá, sà." Ẹ̀rù ń bà á.

Ó tún dà á. "Báyìí ńkọ́?"

Torunn tẹjú mọ́ ife. Kì í ṣe owó ló wà nísàlẹ̀.

"Òrùka ìyá Sivert ni," Haldor wí. "Rọra mu ún o, ọmọ mi. Má gbé e mì. Ọ̀kan péré la ní."