Bèèrè ní Ilé Èyíkéyìí

Ìwé tí wọ́n fi wé asẹ́ tíì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí ọkà wa. Àmì ìka pupa kan wà lára rẹ̀, ẹyọ ìrẹsì kan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó gun òkè wá sí Dhurakot, kó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ nìkan ni n ó sọ. Èyí tí n kò mọ̀, n ó sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ilé mẹ́jọ ló wà ní Dhurakot. Tiwa ló wà lókè pátápátá. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà méje yòókù. Àwọn tó ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣẹ́, nítorí ilé ìwé ọmọ, nítorí dókítà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìdílé tó kẹ́yìn ti lọ. Ó wá ku èmi àti ìyá ọkọ mi, Khimuli Devi, àti màlúù wa kan. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ ológun níbi tó jìnnà.

Ìgbádùn kan ṣoṣo la ní nígbà náà: àwọn ẹrù kéékèèké tí mo máa ń rà lórí fóònù. Òòyà. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ. Rọ́bà ìdérí ìkòkò. Ohun tí èèyàn lè rà lọ́jà kó má tilẹ̀ rántí pé òun rà á. Ṣùgbọ́n bó bá ti gba ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n wé e, tí wọ́n kọ orúkọ sí i lára, ó ti di nǹkan mìíràn. Màmá kì í jẹ́ kí n tètè tú u. Wọn á gbé e sétí, wọn á mì ín. Wọn á gbóòórùn rẹ̀.

"Má tètè tú u," wọn á ní. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ mu tíì. Tá a bá ti tú u, ó tán nìyẹn."

Àmọ́ àwọn ẹrù náà kì í dé òkè. Umed, tó ń kó ẹrù ilé ìfìwéránṣẹ́ kiri, máa ń fi wọ́n sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì. Èmi ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ fún odindi wákàtí kan lọ gbà wọ́n. Orúkọ mi ló sì máa ń wà lára wọn.

"Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," Màmá sọ lọ́jọ́ kan, "nǹkan kan ò tíì tibì kankan wá pẹ̀lú orúkọ mi lára."

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Diwan, àbúrò ọkọ mi, pè láti Haldwani, ìlú tó ń gbé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìdí igi àsálà tó wà níwájú ilé wa nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la dúró sí.

"Màmá, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ni mò ń bọ̀ wá kó yín. Mo ti rí ẹni tó máa ra màlúù."

"Màlúù ta?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Abúlé yẹn ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì gbọ́. Lẹ́tà gan-an ò dé ibẹ̀ mọ́."

"Bó bá dé ńkọ́?"

Diwan rẹ́rìn-ín. "Bí ẹrù kan bá dé ẹnu ọ̀nà yín, pẹ̀lú orúkọ yín lára, tí ìyàwó ò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á, ẹ máa gbébẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ kankan mọ́ láyé. Bí kò bá dé, ẹ máa bá mi lọ."

"O ti sọ ọ́ o."

"Mo ti sọ ọ́."

Lójú ẹsẹ̀ ni Màmá ní kí n ra asẹ́ tíì. Èyí tó wà nílé ti ya. Wọ́n dúró lé mi lórí bí mo ṣe ń kọ ibi tí wọn yóò gbé e wá.

"Kọ ọ́ dáadáa. Khimuli Devi. Dhurakot. Ilé òkè pátápátá, ẹ̀yìn igi àsálà. Bèèrè ní ilé èyíkéyìí."

Báyìí ni gbogbo ará òkè wa ṣe ń parí rẹ̀, nítorí ilé wa kò ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró.

"Màmá, ilé wo ló ti máa bèèrè?"

"Bá a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Kọ ọ́."

Nígbà tí Diwan tún pè, tó sì gbọ́ ọ, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Kó bèèrè lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ ọ̀bọ?"

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n rì í mọ́ inú ìkòkò ìyẹ̀fun. "Kó má bàa sọ pé o pe Umed, pé a ṣèrú."

Ọjọ́ ń lọ. Kò sí nǹkan kan. Láàárọ̀ Sátidé, mo bá Màmá ní ibùso màlúù. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lọ́rùn. Wọn kò mọ̀ pé mo rí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kùrukùru gun òkè wá láti àfonífojì. Ó bo àwọn ilé ìsàlẹ̀. Ó bo igi àsálà. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ dá ẹnu dúró. A jókòó sí ẹnu ọ̀nà, èmi àti Màmá, a kò rí ju ẹsẹ̀ wa lọ.

Mo wá gbọ́ ìró ṣéènì.

Ṣéènì irin ni a fi ń há ilẹ̀kùn níbí. Kò sí ẹni tó dàgbà sí òkè yìí tí kò mọ ìró rẹ̀. Ó wá láti ilé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣàràṣàrà. Ilẹ̀kùn dún. Gbogbo rẹ̀ tún dákẹ́.

Ó tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan. Ṣéènì mìíràn dún. Èyí sún mọ́ wa díẹ̀ sí i.

Mo fẹ́ dìde. Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Jókòó."

"Màmá, ta ló..."

"Àlejò ló ń bọ̀. Jókòó."

Mo kà á. Méje. Lẹ́yìn ìkeje, mo gbọ́ ìró bàtà lórí òkúta.

Umed yọ láti inú kùrukùru. Géńdé onírunmú ni, bàbá ọlọ́mọ méjì, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa rí. Àmì pupa wà níwájú orí rẹ̀, irú èyí tí a máa ń fi sí àlejò pàtàkì lórí. Ẹyọ ìrẹsì wà lára rẹ̀. Ó ṣì tutù. Ó ń ṣàn bọ̀ sí ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé ibí ni ilé Khimuli Devi?"

"Èmi nìyí."

"Háà, Màmá! Òkè yín yìí fẹ́ pa mí. Ẹ má wulẹ̀ gbé tíì kaná fún mi o. Ìgbà méje ni mo ti mu ún kí n tó débí."

"Ta ló fún ọ mu?" ni mo bi í.

"Àwọn aládùúgbò yín ni, àǹtí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n bèèrè ní ilé èyíkéyìí. Mo bèèrè. Wọn ò jẹ́ kí n lọ!"

"Àmì tó wà lórí rẹ ńkọ́?"

"Ìyá tó wà ní ilé tó kángun sí tiyín ló fi sí i. Wọ́n ní ẹni tó gbé ẹrù wá fún ọ̀rẹ́ àwọn ò gbọdọ̀ lọ pẹ̀lú iwájú orí lásán. Wọ́n gba ẹrù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n mì ín létí báyìí. Àtàǹpàkò wọn kan kúrú." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ má tètè tú u."

Màmá dárúkọ kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Rupsa."

Rupsa ni ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà tí wọ́n ti jọ jẹ́ ìyàwó tuntun. Ilẹ̀kùn ló há a ní àtàǹpàkò, tó fi kúrú. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí Delhi.

Màmá fọwọ́ sí ìwé Umed. Ó dágbére. Ó sọ̀ kalẹ̀. Kùrukùru bá a lọ.

Mo sáré tẹ̀lé e. N kò bá a. Ilé méje, àgádágodo méje. Ìpẹtà ti bò wọ́n. Ní ilé Rupsa, òwú aláǹtakùn ta láti ara àgádágodo dé ara ògiri, kò já. Koríko ẹnu ọ̀nà dúró ṣánṣán. Kò sí iná. Kò sí ife. Àmọ́ òórùn tíì wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Mo padà sílé, mo wú fóònù jáde nínú ìyẹ̀fun. Mo gbé e lọ sí ìdí igi àsálà, mo pe Champa, ọmọ Rupsa, ní Delhi.

"Ìyá mi wà níbí, wọ́n ń sùn láti ọ̀sán. Kí ló dé?"

"Kò sí. Mo kàn ní kí n kí wọn ni."

"Nǹkan kan ló ń yà mí lẹ́nu. Ìka wọn pupa. A ò ní nǹkan pupa kankan nílé. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ."

Mo bojú wo ilé Rupsa.

"Àǹtí? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní fóònù kò dáa níbí.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n mi orí. Ẹrù náà wà lórí itan wọn, wọn kò tíì tú u. "Gbé tíì kaná," ni wọ́n wí.

Diwan dé lọ́jọ́ kejì. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní títì, ó gbé okùn màlúù kọ́ èjìká. Ó bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi asẹ́ tuntun sẹ́ tíì. Asẹ́ náà ń dán. Ó mú ìwé tí wọ́n fi wé e, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìyàwó, ṣé o sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Mo gbé fóònù fún un. Ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀.

"Mo rí Umed ní ṣọ́ọ̀bù," ó wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ní abúlé yín kún."

Màmá bu tíì fún un. Ó mu ife méjì. Ó wá gbé okùn rẹ̀, ó dìde. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Màmá ké sí i.

"Diwan! Tó o bá ń bọ̀ nígbà mìíràn, bèèrè ọ̀nà o!"

N kò gbọ́ kí Màmá rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Ẹ̀rín náà kọ lu òkè kejì, ó sì padà wá. Bí ó ṣe padà wá, kò jọ ẹ̀rín ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹrù mọ́kànlá ló ti dé láti ìgbà náà, gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ Màmá. Umed kì í dé láìní àmì pupa lórí. Lẹ́ẹ̀kan, mo lọ ṣọ́ ọ̀nà. Kùrukùru kò wá lọ́jọ́ náà, Umed náà kò gòkè. N kò ṣọ́ ọ̀nà mọ́.

Lánàá, a lọ sí ìdí igi àsálà láti ra òòyà. Màmá ní kó jẹ́ méjì.

"Ti ta ni ìkejì?"

"Kọ orúkọ Rupsa sí i. Ilé tó kángun sí tiwa."

"Kí ni kí n fi parí rẹ̀?"

"Bá a ṣe ń kọ ọ́."

Mo kọ ọ́: Bèèrè ní ilé èyíkéyìí. N kò tíì gbé ìka kúrò lójú fóònù tí ṣéènì fi dún lẹ́yìn wa, láti ìhà ilé Rupsa.

Màmá rẹ́rìn-ín. N kò wẹ̀yìn.