Ìdajì Sárì Ekambaram

Ọwọ́ Tilaga pupa títí dé ìgbọ̀nwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí Arulmani, tí a ń pè ní Arul, kọ́kọ́ rí i. Òwú ṣẹ́dà ló ń pa láró lẹ́yìnkùlé, aró náà sì ti ta sí òdòdó funfun tó fi há sínú irun.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Arul wí. "Ta lẹ pa?"

"Ẹni tó gbé bàtà wọlé wa kẹ́yìn ni," ni Tilaga dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Arul wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sáré lọ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ ló wá wá o, ìfẹ́ ló kọ́kọ́ rí.

Ekambaram, bàbá Tilaga, ń wá ẹnì kejì nídìí òfì. Sárì, aṣọ gígùn tí obìnrin ń ró, èèyàn kan kì í dá ti Kanchipuram wa níbí hun. Ẹnì kan a jókòó sáàárín, a máa ju ọkọ̀ òwú fún ara aṣọ. Ẹnì kejì a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, a máa ju ti etí rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ibi tí òwú méjèèjì ti so kọ́ra, ìka a máa bá a bí ojú àpá. Aṣọ ẹ̀rọ kì í ní àpá yẹn. Ìyàwó Ekambaram ló ń ju etí fún un kó tó kú, Arul ló wá gba àyè rẹ̀.

Tilaga ló ń ká òwú fún wọn.

"Òwú mi ti tán," Arul á ní.

"Ó tún ti tán? Ṣé ò ń jẹ ẹ́ ni?"

"Tí kò bá tán, kí lo fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Ekambaram á wúkọ́. Bàbá náà kò kúkú dití. Ó tiẹ̀ ti ta òwú sárì ìgbéyàwó Tilaga sórí òfì, pupa tó létí àwọ̀ ewé, nítorí ládùúgbò wa, bàbá ló ń hun ti ọmọ rẹ̀. Arul rò pé òun ni bàbá ń hun ún dè. Wọ́n hun ún dé ìdajì, ni Arul bá sọ tẹnu rẹ̀.

"Mi ò ní fọmọ mi fún ahunṣọ," ni Ekambaram wí.

"Bàbá, ahunṣọ lẹ̀yin náà."

"Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìdí òfì yìí ni ìyá ẹ̀ ti wúkọ́ kú. Lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to fóònù pọ̀, kí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́. Ọjọ́ tó o bá fi káàdì òṣìṣẹ́ wọn hàn mí, mú un lọ."

Tilaga bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ọwọ́ ẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn," ló wí.

"Ọwọ́ náà ni mo ń gbé lọ yìí, olólùfẹ́ mi. Kí ni kí n ṣe?"

Arul lọ, wọ́n gbà á, ó mú káàdì wá. Inú Ekambaram dùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé sárì kò tíì parí.

Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń wá ẹni tí yóò ju etí fún un. Ẹ̀rín kíkorò ni wọ́n ń fi dá a lóhùn. Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò ti lọ gba káàdì, nítorí gbogbo bàbá àdúgbò ló ti sọ ohun tí òun náà sọ. Arul wá lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, àmọ́ oorun gbé e lọ nídìí òfì, ọkọ̀ òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òwú já.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n jù ú fún yín," ni Tilaga bẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó kì í fọwọ́ kan aṣọ ara ẹ̀ lórí òfì. Ṣé o fẹ́ tẹ̀ lé ìyá ẹ ni?"

Ni wọ́n bá ra òmíràn ní ìsọ̀. Oníṣọ̀ọ́bù búra pé ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí Tilaga ṣe jókòó síwájú iná mímọ́ ìgbéyàwó, bàbá rẹ̀ tẹ̀ ba láti tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe. Ìka rẹ̀ rin ibẹ̀ lọ, ó tún rin ín bọ̀. Ó ń dán, kò ní àpá kankan. Ojú òun àti ọmọ rẹ̀ ṣe mẹ́rin.

"Ó rẹwà, Bàbá," Tilaga yára sọ.

"Ó rẹwà gan-an," ni bàbá wí. Arul so okùn tó ń sọ obìnrin di ìyàwó mọ́ Tilaga lọ́rùn, a da ìrẹsì lé wọn lórí láti fi súre, omijé sì ń bọ́ lójú Ekambaram. Àwọn àlejò rò pé omijé ayọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ekambaram gé sárì tó wà lórí òfì, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kò tó ró, Bàbá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo lé ẹni tí ì bá bá mi parí ẹ̀."

Tilaga mú ìka Arul, ó fi lé ojú àpá aṣọ náà. "Ibi tọ́wọ́ ẹ wà nìyí, ọkọ mi. Tá a bá bímọ, òun la máa so mọ́ àjà fún un, kó máa sùn sínú ẹ̀."

Arul ká aṣọ náà, ó gbé e mọ́ra.

"Ó tó fún ìyẹn," ni Ekambaram wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń hun ún."